Ajá Tó Ń Dọ̀bálẹ̀

Ẹni tó bá ní ajá ò lè sọ̀rọ̀, kò tíì wo ìrù rẹ̀ ni.

Olè ń kó Akínlàbí ládìẹ. Ó lọ bá Ìyá Móríyìkẹ́, aládùúgbò rẹ̀, pé kí wọ́n yá òun ní Tanímọ̀la, ajá tí gbogbo àdúgbò ń sá fún.

Bí wọ́n ti mú ajá wọ àgbàlá Akínlàbí, ó ki ìrù bọ àárín itan, ó ká etí mọ́ orí, ó sì fi ikùn lélẹ̀.

Inú Akínlàbí dùn. "Ẹ ò rí ajá tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé! Ó ń dọ̀bálẹ̀ fún mi."

"Ẹ̀rù ló ń bà á," ni Ìyá Móríyìkẹ́ wí. "Ilé wa ló ti ń roro. Ajá kì í roro kó ṣọ́ ojúlé méjì."

"Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi, ìyá. Ajá tó mọ àgbà á mọ olè."

Ó gba oko lọ. Nígbà tó fi máa dé, ìyẹ́ adìẹ nìkan ló bá nílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ tẹ olè náà lọ́jà. Akínlàbí bi í pé, "Ajá mi ńkọ́? Kò bù ọ́ jẹ?"

"Èyí tó dọ̀bálẹ̀ kí mi yẹn, ọ̀gá? Mo wúre fún un, mo sì ṣílé adìẹ."