Bí Àwẹ̀ró Amọ̀kòkò Ṣe Di Òkukan, Òrìṣà Ẹsẹ̀

Ní ìgbà láéláé, nígbà tí ọ̀nà kò tíì mọ ibi tí òun yóò gbà, tí ó jẹ́ pé ibi tí ẹsẹ̀ ènìyàn bá kọ́kọ́ tẹ̀ ni ọ̀nà ń tẹ̀ lé, ọba kan jẹ ní Òkè-Àsálà yìí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Adéyíká, Alásálà kẹrin, ọkọ olorì méje, abìnú-bí-iná-ẹ̀ẹ̀rùn, ọba tí í bá ẹṣin rẹ̀ jà bí ẹni ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jà. Ẹ̀yin olùsìn Òkukan tí ẹ péjọ ní òwúrọ̀ yìí, ẹ fetí sílẹ̀ sí èmi ìyá yín. Ẹ̀yin tí ẹ gun ọ̀kadà dé ẹsẹ̀ òkè pẹ̀lú, mo rí yín, òrìṣà náà sì rí yín.

Ẹṣin náà ni ó parí ìjà wọn. Ọba ń bọ̀ láti oko ní ọjọ́ kan, ẹṣin dúró mu omi láìgba àṣẹ, ọba fi pàṣán bò ó, ni ẹṣin bá gbé ọba ṣánlẹ̀ sórí òkúta, egungun itan ọ̀tún rẹ̀ sì kán. Wọ́n pe teguntegun, bàbá kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó to egungun náà, ó fi ọparun dì í, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí oṣù mẹ́ta yóò fi pé. Nígbà tí ó pé, ó tú ọparun, ó tẹ itan náà wò, ó rí i pé egungun ti so, kò sí wíwú, kò sí egbò. Ó gba ewúrẹ́ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn èyí ni ìfẹ́ wá fẹ́ pa ọba. Bí Adéyíká bá fi ọwọ́ ti ilẹ̀ pé kí òun dìde, olorì kan á sáré dé: “Kábíyèsí, ẹ má dìde o, ẹ rora.” Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, ọwọ́ mẹ́fà á ti gbé agbè dé ẹnu rẹ̀ kí ó tó wí. Àwọn ẹmẹsẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n ń gbé e jáde ní àárọ̀, àwọn mẹ́rin mìíràn ni wọ́n ń gbé e wọlé ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo wọn ni wọ́n sì ń ṣe é tọkàntọkàn, nítorí pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìbínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí a kò lò, agbára rẹ̀ á ṣí kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Itan tí ó nípọn bí odó tẹ́lẹ̀ wá rù bí ọmọ odó, orúnkún gan, kò ká, kò nà.

Bẹ́ẹ̀ sì ni àṣà kan wà tí àwọn baba wa kò gbọdọ̀ yẹ̀. Ní ọjọ́ ọdún àsálà, ọba ni yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun àpáta yìí, láìsí ọ̀pá lọ́wọ́, láìsí ọwọ́ ẹlòmíràn lára rẹ̀, láti já èso àkọ́so. Ọba tí kò bá lè gùn ún, igbá ni ìlú yóò gbé fún un kí ó ṣí, ẹ kò sì jẹ́ ọmọdé, ẹ mọ̀ pé ikú ni ó wà nínú igbá ọba. Oṣù méjì péré ni ó kù kí ọdún pé. Kò sí ìkà kankan nínú àwọn ìjòyè. Ẹkún ni wọ́n ń sun bí wọ́n ti ń fọ igbá náà sílẹ̀.

Ní ààrin ìbànújẹ́ yìí ni Àwẹ̀ró gbé ìkòkò omi méjì wá sí ààfin. Opó ni, amọ̀kòkò ni, ilé rẹ̀ wà ní ẹ̀yìn odi nítòsí kòtò amọ̀, ọwọ́ rẹ̀ le, ẹnu rẹ̀ mú, ẹ̀rín kì í sì í jìnnà sí i. Wọ́n ń gbé ọba kọjá lọ́wọ́ yẹn. Àwẹ̀ró wo ẹsẹ̀ tí ń mì dirodiro láàrin àwọn ọkùnrin mẹ́rin, ó tún un wò, ẹ̀rín sì bú pẹ̀ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

“Ta ni ń rẹ́rìn-ín?” ni ọba bú ramúramù.

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. “Kí adé pẹ́ lórí, Kábíyèsí. Kì í ṣe ẹ̀yin ni mo fi rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ yín ni ó pa mí lẹ́rìn-ín, nítorí ó ń tàn yín jẹ. Egungun ti so. Ẹ̀rù ni kò tíì lọ.”

“Ta ni ó kọ́ ọ ní iṣẹ́ egungun?”

“Amọ̀ ni, Kábíyèsí. Amọ̀ tí a wa wálé tí a kò pò, tí à ń wò lójú, tí à ń kí ní ẹ kú ìsinmi, gígan ní í gan. Bí a bá sì fi ìbínú pò ó, á ya. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọwọ́ ni ó ń fẹ́, lójoojúmọ́, díẹ̀díẹ̀.”

Àwọn ẹmẹsẹ̀ ti fẹ́ tì í jáde nígbà tí Olorì Ojúọlápé, ìyàwó àgbà, na ọwọ́ dá wọn dúró. Òun ni ó ń sọ “ẹ má dìde” jù nínú gbogbo wọn, òun náà ni kì í sì í sùn mọ́ nítorí igbá tí wọ́n fọ̀ sílẹ̀. Ó ní, “Kábíyèsí, obìnrin yìí ni, tàbí igbá.” Ọba wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó mi orí sí àwọn ẹmẹsẹ̀ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀, Àwẹ̀ró sì gbà pé ó ti gbà.

Láti ọjọ́ kejì, kí oòrùn tó gbóná, Àwẹ̀ró á ti dé pẹ̀lú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti òrí. Á fi aṣọ rírin gbígbóná di orúnkún náà, á fi òrí ra ẹsẹ̀ láti ọrùn ẹsẹ̀ dé itan, á pò ó bí ẹni ń po amọ̀, á ká orúnkún dé ibi tí ó bá lè ká dé, á sì fi ìwọ̀nba díẹ̀ kún un. Ọba á bú u, á bú ìyá rẹ̀, á bú amọ̀kòkò gbogbo, òun á máa dáhùn pé “Àṣẹ, Kábíyèsí,” á sì máa pò ó lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ẹsẹ̀ ti ń ká dáadáa, ṣùgbọ́n kò tíì lè ru ọba.

Nígbà náà ni ó yí ìkòkò ńlá kan dé ní àgbàlá, èyí tí ó ga dé ìbàdí ọkùnrin. Ẹ mọ bí àwọn amọ̀kòkò wa ṣe ń ṣiṣẹ́: ìkòkò kì í yí, ẹni tí ń mọ ọ́n ni ó ń yí i ká, tí ń fi ẹ̀yìn rìn, ọwọ́ rẹ̀ lára ìkòkò, títí yóò fi rí róbótó. Ó ní kí ọba fi ọwọ́ méjèèjì di ìkòkò náà mú. Òun dúró sí iwájú rẹ̀, ó kọjú sí i, ó sì fi ẹ̀yìn rin ìṣísẹ̀ kan. “Ẹ̀yin náà, Kábíyèsí. Ó ku kan.”

Ọba gbé ẹsẹ̀ kan. Òógùn bò ó.

“Ó ku kan,” ni Àwẹ̀ró wí.

Ó gbé òmíràn.

“Ó ku kan.”

Nígbà tí ó di ẹ̀kẹsàn-án, ọba bú jáde. “Obìnrin yìí, o ti sọ pé ó ku kan láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀!”

“Ẹ dárí jì mí, Kábíyèsí, amọ̀kòkò ni mí, n kò mọ ìṣirò. Ó ku kan.”

Ọba Adéyíká, tí kò tíì rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ tí ẹṣin ti gbé e ṣánlẹ̀, bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì gbé e yí ìkòkò ká tán. Àwọn olorì tí wọ́n ń yọjú láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pàtẹ́wọ́, ojú tì wọ́n díẹ̀.

Ẹ má rò pé ó rọrùn bẹ́ẹ̀ dé òpin. Nígbà tí ó ku ogún ọjọ́, ọba gbọ́ pé wọ́n ti gbé igbá náà kúrò ní oòrùn, pé ó ti gbẹ. Inú bí i. Àwẹ̀ró wà ní kòtò amọ̀ lọ́sàn-án yẹn. Ọba lé gbogbo ènìyàn kúrò ní àgbàlá, ó di ìkòkò mú, ó sì yí i ká ní ìgbà ọgọ́ta, ó ń payín keke. Kí ilẹ̀ tó ṣú, orúnkún ti wú, kò ṣeé fọwọ́ kàn. Ẹnu àwọn olorì tún là: “A ní kí ẹ má dìde!”

Àwẹ̀ró kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ó jókòó ti ẹní ọba, ó ní, “Ẹ bínú sí ẹṣin, ẹ rí ohun tí ó ṣe. Ẹ bínú sí ẹsẹ̀, ẹ rí ohun tí ó ṣe. Ta ni ó kù tí ẹ fẹ́ bá jà, Kábíyèsí? Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.”

Ọba wá sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. “Ẹ̀rù ikú ń bà mí, Àwẹ̀ró.”

“Ó yẹ kó bà yín. Ẹ jẹ́ kí ó máa bà yín lórí ìrìn.”

Wọ́n fi ọjọ́ mẹ́fà sinmi, wọ́n fi ewé tútù di orúnkún náà, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Láti ọjọ́ náà ni ọba kò fi ìbínú rìn mọ́.

Ọjọ́ ọdún pé. Gbogbo ìlú dúró sí ẹsẹ̀ àpáta yìí, wọn kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, nítorí èèwọ̀ ni kí a fọhùn nígbà tí ọba bá ń gòkè. Adéyíká bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Ó dé ìdajì, ibi tí òkúta ti yọ̀, ibi tí ẹ̀yin náà ti ń di ìtàkùn mú, ó sì dúró. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń gbọ̀n. Àwọn ẹmẹsẹ̀ mẹ́rin sáré síwájú, ọwọ́ wọn ti nà, ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ kan ṣoṣo bá kan ọba, ó parí. Olorì Ojúọlápé, obìnrin tí ó ti ń sọ “ẹ má dìde” láti ọjọ́ yìí wá, ni ó fò dí wọn lọ́nà, ó na apá rẹ̀ méjèèjì, ó fi orí kọ̀ fún wọn.

Àwẹ̀ró sì jáde láàrin àwọn obìnrin. Kò sọ̀rọ̀. Ó gun òkúta kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọba, ó dúró síwájú rẹ̀, ó kọjú sí i, ó la ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tí ìkòkò ńlá wà láàrin òun àti ẹlòmíràn, ó sì fi ẹ̀yìn rin ìṣísẹ̀ kan lórí àpáta. Ọba gbé ọwọ́ tirẹ̀ náà sókè, ó di ìkòkò tí kò sí níbẹ̀ mú. Gbogbo ìlú ń wo ètè Àwẹ̀ró bí ó ti ń mì láìfọhùn, wọ́n mọ ohun tí ó ń wí. Báyìí ni wọ́n ṣe gòkè, ọ̀kan ń fi ẹ̀yìn rìn, ọ̀kan ń tẹ̀ lé e, títí ọwọ́ ọba fi kan àsálà àkọ́so. Igbá náà ni wọ́n fi bu àsálà fún gbogbo ọmọdé ìlú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ sí ẹ̀yìn odi. Àgbẹ̀ tí ẹ̀yìn ń dùn, ìyálọ́mọ tí ìbàdí kò jẹ́ kí ó rìn, ẹni tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan rọ. Àwẹ̀ró yí ìkòkò mẹ́rìndínlógún dé ní àgbàlá rẹ̀. Ẹlòmíràn kò rìn dé ibi tí ó fẹ́, n kò ní parọ́ fún yín, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó padà bí ó ti wá.

Nígbà tí orí òun àti ọba ti funfun, Àwẹ̀ró dúró ní ẹsẹ̀ àpáta ní òwúrọ̀ kan, ó kọjú sí ìlú, ó la ọwọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn gun òkè, ó ń rẹ́rìn-ín sí wa, títí ewé àsálà fi bò ó. Wọ́n retí rẹ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Wọ́n wá a, wọn kò rí i. Ìlú fẹ́ sunkún, ọba Adéyíká ní kí wọ́n dákẹ́. “Ẹni tí ń fi ẹ̀yìn rìn kò lọ kúrò lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni,” ni ó wí. “Iwájú wa ni ó wà, ojú rẹ̀ sì ń bẹ lára wa. Ẹ máa bọ ọ́.” Ọ̀rọ̀ ẹnu Àwẹ̀ró ni wọ́n fi pè é, Ó-ku-kan, tí ahọ́n wa ti lọ́ di Òkukan.

Òkukan, a-fẹ̀yìn-rìn-má-ṣubú,
Ọlọ́wọ́ òrí tí ń po itan ọba bí amọ̀,
A-gba-èébú-ṣe-àṣẹ,
Obìnrin tí kò mọ ìṣirò tí ó ka arọ dé orí òkè.

Ìdí nìyí tí a fi ń yí ìkòkò yìí ká kí a tó tọrọ ohunkóhun, tí òrí, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti àsálà fi jẹ́ ẹbọ rẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi sí àga ní ojúbọ rẹ̀, tí ẹni tí inú bá ń bí fi ń dúró síta títí yóò fi rẹ́rìn-ín. “Má dìde” sì jẹ́ èèwọ̀ lẹ́nu wa. Nígbà tí wọ́n to egungun ọmọ mi obìnrin ní ọsibítù ìlú ńlá ní èṣí, mo jókòó tì í, mo ń bẹ̀ ẹ́ kí ó sinmi, èmi ìyá òrìṣà, ẹ bá mi wò ó. Ọ̀dọ́bìnrin kan wọlé, aṣọ funfun ni ó wọ̀, ó ní, “Màmá, ẹ jẹ́ kó dìde. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù.” Mo kúnlẹ̀ kí i níbẹ̀. Ó rò pé orí mi dàrú.

Ó tó gẹ́ẹ́. Bàbá Láṣebìkan, ọdún kan rèé tí ẹ̀gbẹ́ òsì yín ti rọ, mo sì rí i tí àwọn ọmọ yín ń múra láti gbé yín dé ìdí ìkòkò. Èmi ni yóò ṣáájú yín, èmi ni yóò máa fi ẹ̀yìn rìn. Ẹ̀yin ọmọ, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn bàbá yín. Ẹ yọwọ́ lára rẹ̀.