Iyanrìn Ilẹ̀ Àjèjì

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Lágbàyí àti Òjéladé, ọ̀rẹ́ rẹ̀, rìnrìn àjò dé ilẹ̀ kan tí wọn ò gbọ́ èdè ibẹ̀. Wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí iyanrìn funfun tó wà láàárín àpáta méjì. Kò pẹ́ ni wọ́n rí àwọn ará ibẹ̀ tí wọ́n ń sá gun àpáta, tọmọdé tàgbà. Ìyá arúgbó kan yà sọ́dọ̀ wọn, ó di Lágbàyí láṣọ mú, ó ń pariwo, ó ń fà á.

"Má tẹ̀ lé e o!" ni Òjéladé wí. "Wọ́n fẹ́ mú wa lẹ́rú ni. Òjò ò rọ̀, ogun ò jà, kí ni wọ́n ń sá fún?"

Ṣùgbọ́n Lágbàyí rí i pé ọwọ́ ìyá náà ń gbọ̀n ju tòun lọ, ló bá tẹ̀ lé e. Òjéladé ní tirẹ̀ dúró ti ẹrù.

Bí wọ́n ṣe dókè báyìí ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Àṣé ojú odò tó ti gbẹ ni iyanrìn ọ̀hún, òjò sì ti rọ̀ lókè odò lọ́nà réré. Omi pupa ya dé, ó gba gbogbo ibẹ̀ kan. Lágbàyí kígbe pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ títí, kò gbọ́ ohùn.

Nígbà tí omi fà, gbogbo ìlú bá a wá Òjéladé. Ahọ́n wọn ò lè pe orúkọ náà já, síbẹ̀ wọ́n ń pè é káàkiri títí ilẹ̀ fi ṣú.