Bí Mo Ṣe Gba Amọ̀ Oníhò fún Àpò Ẹ̀gẹ́

Mo wọ Igbó Oníhò, mo sì ru amọ̀ kan jáde níbẹ̀, tí ó mú kí àpò tí mo fi ẹ̀gẹ́ ṣe gbé iṣu láìya, kí iná má sì lè jó o mọ́.

Ẹ sún mọ́ mi, n ó sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọdẹ́wùnmí ni mí, ará Òkè-Ìkòkò. Ọdẹ ni bàbá mi. Kò bí ọkùnrin, ó gbé ìbọn lé mi lọ́wọ́. Amọ̀kòkò ni Àwẹ̀ró ìyá mi. Bó bá fi ìka méjì tẹ amọ̀, á sọ odò tí wọ́n ti wà á. Èmi kò lọ sílé ìwé. Ohun tí mo mọ̀, ọwọ́ ni mo fi mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ dídùn, kó lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Láílọ́ọ̀nù ló lé mi wọ igbó. Ó dí odò wa, ewúrẹ́ ń jẹ ẹ́, wọ́n ń wú, wọ́n ń kú. Mo wá se ìyẹ̀fun funfun tó máa ń silẹ̀ nísàlẹ̀ omi ẹ̀gẹ́, mo tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, mo sá a, mo fi ṣe àpò. Bí a bá sọ ọ́ nù, láàárín oṣù méjì ó ti di ilẹ̀. Àmọ́ ó ń ya bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú ìjì. Lọ́jọ́ kan ó gbiná lẹ́bàá ààrò Mọ́rẹ̀nikẹ́ alákàrà, àtíbàbà rẹ̀ jó kanlẹ̀. Baálẹ̀ ránṣẹ́ pè mí.

Ó ní, "Ọdẹ́wùnmí, orí rẹ pé, àpò rẹ ni kò pé. Bí ọjà tó ń bọ̀ bá pé tí kò gbé iṣu mẹ́wàá, tí ó sì tún ń gbiná, láílọ́ọ̀nù ni a ó padà sí."

Mo ní, "Baálẹ̀, ọjọ́ márùn-ún péré ló kù."

"Èmi náà mọ̀ ọ́n kà."

Ìyá mi ló sọ fún mi pé amọ̀ funfun kan wà nínú Igbó Oníhò tí iná ń sá fún. Mo gbé agbọ̀n, mo gbé ìbọn, ó di igbó.

Iwin kan dúró lẹ́nu igbó, ó ga bí ìrókò, irùngbọ̀n rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ bí ìtàkùn. Ẹnu mẹ́fà ló ní, gbogbo wọn ń pariwo pọ̀ bí ọjà. Ó ní, "Ọmọ ènìyàn, kí mi títí orí mi yóò fi wú. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, n ó gbé ọ mì."

Mo ní, "Bàbá, n kò mọ oríkì yín, irọ́ ni n ó pa. Ẹ kú ìdúró. Ẹsẹ̀ á ti máa ro yín."

Ẹnu márùn-ún dákẹ́. Ẹ̀kẹfà sọ pé, "Láti ọjọ́ tí mo ti ń gbé wọn mì, ẹnìkan kò béèrè ẹsẹ̀ mi." Ó jókòó, mo kọjá.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tí mo rí nínú igbó náà! Igi ní ihò láti orí dé ìdí, òkúta ní ihò, ìwo ẹtu ní ihò, bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́, gbogbo ilẹ̀ á máa dún bíi fèrè. Lórí òkè amọ̀ funfun kan ni Ìyá Oníhò, ẹni tó ni igbó náà, jókòó sí, afẹ́fẹ́ ń gba ìka rẹ̀ jáde.

Ó bi mí pé, "Ta ló kọ́ ọ ní amọ̀?"

"Ìyá mi ni, mà."

"Èwo ló le jù, ohun tó kún ni tàbí ohun tó ní ihò?"

Mo ní, "Ẹ jẹ́ n wo ohun tí mo ti fojú rí. Mo ti rí igi tó kún tí ìjì dá sí méjì. Mo rí oparun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó tẹ̀, tó tún dìde. Egungun ẹyẹ ní ihò, síbẹ̀ òun ló ń gbé ẹyẹ lókè. Ti oníhò ni mo fara mọ́."

Ó rẹ́rìn-ín, igbó dún. Ó bu amọ̀ díẹ̀, ó fẹ́ ẹ sí mi lójú, ni ojú mi bá là. Amọ̀ tí mo rò pé ìyẹ̀fun ni, ẹní ni gbogbo rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹní tí wọ́n ká, tí ìkọ̀ọ̀kan wọn kéré ju ohun tí ojú lè rí, omi wà nínú wọn.

Ó ní, "Bí o bá pò wọ́n mọ́ ẹ̀gẹ́, wọn á dì í mú bí ọ̀pá ṣe ń di òrùlé mú. Bí iná bá dé, wọn á làágùn, wọn á sì di ògiri níwájú rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀kúnwọ́ kan ni kí o bù. Bí o bá ti ń lò ó, á máa kún. Èyí tó bá lé lórí rẹ̀, lára ìka tó kọ́ ọ ní amọ̀ ni n ó ti gbà á."

Mo ní mo gbọ́. Mo gbọ́ lóòótọ́. Àmọ́ nílé wa, ẹnìkan kì í fi agbọ̀n àbọ̀ kúrò ní ibi amọ̀. Ìwọ̀sí ni sí ilẹ̀. Láti ọmọ ọdún méje ni ìyá mi ti ń dá mi padà lọ kún un. Inú mi dùn, mo ń kọrin, ọwọ́ mi ń bù. Ìgbà tí mo gbé agbọ̀n karí, ó kún dé ẹnu. N kò tilẹ̀ wò ó.

Mo délé ní ọjọ́ kẹta. Mo da amọ̀ sínú ẹ̀gẹ́ bí ẹni tó fẹ́ mọ ìkòkò. Ó gbẹ, ó fọ́ bí èèpo ẹyin, torí àwọn ẹní náà gun orí ara wọn, ẹ̀gẹ́ kò ráyè láàárín wọn. Ìgbà náà ni mo rántí ẹ̀kúnwọ́ kan. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan, mo kọ́kọ́ rò ó nínú omi títí kò fi ní kókó mọ́, kí n tó da ẹ̀gẹ́ sí i.

Lọ́jọ́ ọjà, Baálẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó iṣu méjìlá sínú àpò náà, ó fi kọ́ ẹ̀ka igi. Kò ya. Ó ti ògùṣọ̀ bọ etí rẹ̀. Etí dúdú, ó làágùn, iná kú. Ó tún tì í, ó tún kú.

Mọ́rẹ̀nikẹ́ ní, "Ẹ bá mi mú mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n Ọdẹ́wùnmí, àtíbàbà mi ń bẹ lọ́rùn rẹ o."

Baálẹ̀ ní, "Láílọ́ọ̀nù kò gbọdọ̀ wọ ọjà yìí mọ́." Ariwo sọ. Ijó ni mo jó délé.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ mi, bí ẹ bá dé ilé onílé tí wọ́n ní ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan. Àṣà ilé yín kì í ṣe òfin ilé wọn.

Ìgbà tí mo jó délé lọ́jọ́ náà, ìyá mi jókòó nídìí iṣẹ́ rẹ̀, ìkòkò tó ń mọ ti wó síwájú rẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi. Amọ̀ wà ní ọ̀kan, eérú wà ní èkejì.

Ó ní, "Ọdẹ́wùnmí, bá mi wò ó, ìka mi kò mọ̀ ọ́n mọ́. Èwo ni amọ̀ nínú wọn?"