Olùgbé Inú Ọ̀gànwó

Ẹ sún mọ́ mi, kí ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ húkọ́ kó tètè hú u, nítorí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu lónìí. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni Ọdẹ́yalé, ọmọ bíbí ìlú Ìlápòó. Baba rẹ̀ ṣọdẹ, baba baba rẹ̀ ṣọdẹ, òun náà sì mọ ìbọn í yìn kó tó mọ ṣòkòtò í wọ̀. Òun ló ń ṣọ́ ilẹ̀ Olóyè Láníhùn, ilẹ̀ tó fẹ̀ débi pé ẹyẹ gan-an á sinmi kó tó fò ó já. Ìyá rẹ̀ ti kú, baba rẹ̀ ti kú, nínú ọmọ ìyá rẹ̀, àbúrò kan ṣoṣo ló kù ú kù láyé, ìyẹn Àkàngbé agégi. Ó fẹ́ràn Àkàngbé yìí bí ẹyinjú rẹ̀.

Baba-ńlá Olóyè ló gbin ọ̀gànwó sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀nà tó lọ sí ilé rẹ̀, ọjọ́ kan náà ló sì gbin gbogbo wọn. Wọ́n jọ dàgbà, wọ́n sì jọ di arúgbó. Inú wọn ti di ihò, ẹ̀ka wọn ń já lulẹ̀ láìsí atẹ́gùn. Olóyè alára sì fẹ́ràn ìmọ́tótó ju bó ṣe yẹ lọ! Ọdọọdún ló ń ní kí wọ́n fi àdá gé gbogbo ọmọ igi tó bá hù lábẹ́ àwọn àgbà wọ̀nyí, kí ilẹ̀ ibẹ̀ lè mọ́ tónítóní. Nígbà tí ẹ̀ka kan já, tó fọ́ òrùlé rẹ̀, inú bí i. Ó ní kí wọ́n gé gbogbo ọ̀gànwó náà, kí wọ́n sì gbin tuntun dípò wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Àkàngbé ló bẹ̀ níṣẹ́.

Igi àkọ́kọ́ wó lulẹ̀ gbì! Ṣùgbọ́n Àkàngbé ò kúrò lójú kan. Ó dúró ṣánṣán, ó na apá méjèèjì sókè, kò fọhùn mọ́. Wọ́n fà á, kò mì. Wọ́n tì í, kò mì. Ilẹ̀ mọ́, ó ṣì wà lórí ìdúró, àdàbà ti bà lé e lápá. Ọdẹ́yalé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀. Yéè! Àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ ti gùn, wọ́n ti ń wọnú ilẹ̀ lọ. Ohùn kan tí kì í ṣe ti Àkàngbé sì ti inú àyà rẹ̀ jáde, ó ní:

"Ẹ wó ilé mi. Ohun tó dúró nítòsí ni mo kó sí. Bí ara ọkùnrin yìí bá di igi dé orúnkún, èmi àti òun ò ní lè pínyà mọ́."

Ọdẹ́yalé ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba igi mìíràn."

Ohùn náà dáhùn pé, "Ojúgbà mi ń gbé inú gbogbo àgbà tó kù. Èyí tí ẹ máa gbin kéré jù, kò ní lè gbà mí. Géńdé igi wo ló wà láàárín àgbà àti ọmọdé?"

Ọdẹ́yalé wò yíká. Ilẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sí ọmọ igi kan.

Ohùn náà ní, "Lọ bẹ Ìyá Ibòòji, ìyá gbogbo igi, ní Igbó Àìwọ̀. Má pẹ́ o."

Ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó sáré. Ẹ̀yin ará, ẹ̀rù bà á! Bó ti ń wọ Igbó Àìwọ̀ ni ọ̀nà ń pa dé lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá mí, ohun kan á mí tẹ̀ lé e. Ó rí àwọn igi tó ní ojú èèyàn lára, tí omijé ń ṣàn lójú wọn, ó sì kọjá wọn láìwẹ̀yìn. Láàárín igbó ló ti bá Ìyá Ibòòji. Ewé ni irun rẹ̀, oyin ń gba etí rẹ̀ wọlé, ó ń gba imú rẹ̀ jáde. Oríṣiríṣi igi ló sì yí i ká: arúgbó, géńdé, ọ̀dọ́, àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú nínú ilẹ̀. Ọdẹ́yalé dọ̀bálẹ̀.

Ìyá Ibòòji bi í pé, "Ọmọ aráyé, ta ló ń gbé ìlú yín?"

"Arúgbó, àgbàlagbà, ọ̀dọ́ àti ọmọ ọwọ́ ni, Ìyá."

"Bó bá jẹ́ pé arúgbó àti ọmọ ọwọ́ nìkan ló wà níbẹ̀ ńkọ́?"

Ọdẹ́yalé ronú. Ó ní, "Kò sẹ́ni tí yóò pọnmi, Ìyá. Kò sẹ́ni tí yóò gbé òkú, kò sì sẹ́ni tí yóò gbé ọmọ. Ìlú náà ti tán nìyẹn."

"O gbọ́n. Géńdé igi kan ṣófo lọ́dọ̀ mi, mo lè yá yín. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ilẹ̀ kan bọ́ lọ́wọ́ àdá títí láé, kí igi lè máa hù níbẹ̀ lọ́dọọdún. Ta ló ni ilẹ̀ tí ẹ ti gé igi yẹn? Ṣé ìwọ ni?"

Ní àkókò yẹn gan-an ni igbe Àkàngbé gba inú gbòǹgbò dé etí Ọdẹ́yalé: "Ẹ̀gbọ́n mi o! Ó ti dé ojúgun!" "Bẹ́ẹ̀ ni" lásán ló kù kó sọ, àbúrò rẹ̀ á sì bọ́. Ahọ́n rẹ̀ ti gbéra. Ṣùgbọ́n ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Ó ní, "Kì í ṣe tèmi, Ìyá. Mo kàn ń ṣọ́ ọ ni. Bí mo bá ṣèlérí, Olóyè ò ní mú un ṣẹ."

Ìyá Ibòòji rẹ́rìn-ín. "Àwọn tí o rí lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń sunkún, ohun tí kì í ṣe tiwọn ni wọ́n fi ṣèlérí. Kí ni tìrẹ?"

"Oko iṣu kan lẹ́yìn odò. Òun ni èmi àti ìyàwó mi àti àwọn ọmọ ń jẹ."

"Fi sílẹ̀ fún mi. Má ro ó mọ́, má gé ohun tó bá hù níbẹ̀."

Ọdẹ́yalé sunkún, kò fi pamọ́. Ó ní, "Mo fi sílẹ̀."

Ó sáré padà, ó gbá àbúrò rẹ̀ mọ́ra, ó pariwo sí i láyà pé, "Ilé ti wà o! Ẹ máa lọ!" Atẹ́gùn tútù kan kọjá láàárín àwọn méjèèjì, Àkàngbé sì ṣubú lé e lọ́wọ́. Ó ń gbọ̀n, ó ń pe orúkọ ìyá wọn. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kúrú mọ́. Títí dòní, kò rí bàtà tó bá a mu.

Ẹ ò wá ní gbà mí gbọ́! Kí wọ́n tó gbé Àkàngbé wọlé ni Olóyè dé pẹ̀lú àwọn agégi tó kó wá láti ọ̀nà jíjìn. Ó ní, "Ara rẹ̀ ti yá àbí? Ó dáa. Ẹ gé ìyókù."

Ọdẹ́yalé dọ̀bálẹ̀. "Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbin òmíràn sábẹ́ wọn. Bó bá dàgbà tó èyí tí olùgbé lè wọ̀, ká wá gé àgbà kan. Ká máa gé e lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Èmi á ti kú nígbà yẹn! Àbí ìwọ lo ni ilẹ̀ ni?"

Àkàngbé gbé orí sókè níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e, Baba. Ṣùgbọ́n ohun tó bá dúró nítòsí ni olùgbé inú rẹ̀ máa kó sí. Ẹ̀yin tí ẹ ni ilẹ̀, ẹ bọ́ síbí kí ẹ dúró tì í."

Àwọn agégi ju àáké sílẹ̀. Olóyè wo ẹsẹ̀ Àkàngbé, ó wo igi. Igi náà dún kẹẹ́ẹ́. Ó fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, ó fi èkejì sẹ́yìn. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀, ó ní, "Ọdẹ́yalé, níbo ni ká ti kọ́kọ́ gbin?"

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà parí sí nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ nílẹ̀ nínú àwọn tó ń gbọ́ mi, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀: ẹ má gbin gbogbo igi yín lọ́jọ́ kan, ẹ má sì fi ìmọ́tótó pa àwọn ọmọ wọn. Kí ẹ tó pọ́n àáké, ẹ wo abẹ́ igi náà bóyá ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀ ti dúró. Bí kò bá sí, ẹ fi àáké sílẹ̀. Ó yá, ẹ máa lọ sílé, ẹnu ti ń ro mí.