Oríkì Tí Ó Di Èèwọ̀

Ọdún tí ìlú Ìjàká ṣe ìwé oríkì ni Láníhùn kọ́kọ́ gbọ́ òwe kan, orí tirẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ti dá a sílẹ̀. Ilé ìtẹ̀wé ló ti ń ṣiṣẹ́, òun àti Àǹtí Mùíbátù tó bá níbẹ̀. Mùíbátù ni í tẹ ọ̀rọ̀ ilé kọ̀ọ̀kan sínú kọ̀mpútà, á sì fún ohun gbogbo lórúkọ: èyí ni orúkọ ilé, èyí ni orírun, èyí ni oríkì. Láníhùn ni í kọ ìlànà tí kọ̀mpútà máa tẹ̀ lé láti sọ ọ́ di ojú ìwé.

Ìwé yìí jẹ Láníhùn lógún. Àṣàkẹ́, ọmọ ilé Jagun, ló fẹ́ fi ṣaya, ṣùgbọ́n Bàbá Jagun fárígá. Bàbá ní òun kò mọ iṣẹ́ tí ẹni tó jókòó tó ń fi ìka gún nǹkan láti àárọ̀ ń ṣe. Láníhùn bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe sùúrù: lọ́jọ́ tí wọ́n bá ka oríkì ilé Jagun jáde lójú ìlú, yóò rí iṣẹ́ òun. Bàbá gbà.

Nínú ìlànà rẹ̀, Láníhùn kò pe orúkọ kankan, ipò ni ó ń kà. Ó ní kí kọ̀mpútà fi ohun kìíní ṣe àkọlé, kí ó pe èkejì ní orírun, kí ó kọ ẹ̀kẹta sábẹ́ oríkì. Mùíbátù bi í pé kí ló dé tí kò lo orúkọ tí òun ti fún wọn.

"Àǹtí mi, orúkọ ti gùn jù. Ilé wo ni oríkì kì í ti í ṣe ẹ̀kẹta?"

"Kò tíì sí. Ṣùgbọ́n èèyàn ló ni wọ́n, wọn kì í ṣe bíríkì."

Láníhùn fi í rẹ́rìn-ín, ó ní ojo ni Mùíbátù.

Nígbà tí iṣẹ́ kù díẹ̀, Bàbá Jagun fúnra rẹ̀ wọlé wá. Ó ní ilé àwọn kò gbọdọ̀ wọ ìwé láìsí èèwọ̀ wọn, kí àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn odi má baà ṣì í jẹ. Ó ní ṣáájú oríkì ni kí wọ́n fi sí, nítorí ẹni tí kò mọ èèwọ̀ ilé rẹ̀ kò tíì yẹ ní kíkì. Mùíbátù tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, ó sì sọ fún Láníhùn. Láníhùn ṣí ojú ìwé ilé bíi mélòó kan níwájú, gbogbo wọn gún, ó ní kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Èèwọ̀ ti gba ipò ẹ̀kẹta, oríkì ilé Jagun ti di ẹ̀kẹrin, ìlànà rẹ̀ kò sì pe ẹ̀kẹrin.

Ọjọ́ pé, ìlú kún gbọ̀ngàn. Nígbà tó kan ilé Jagun, Bàbá dìde, ó ká apá agbádá sórí èjìká. Akọ̀wé ìlú gbé ìwé sókè, ó kà á ketekete: "Oríkì ilé Jagun. Òkété, ìgbín, ẹja àrọ̀, òkú ẹran."

Ẹnì kan wá ti ẹ̀yìn sọ̀rọ̀: "Ọmọ òkété, ọmọ òkú ẹran, ẹ kú orí ire o." Ẹ̀rín ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ara wọn mọ́.

Bàbá fi ojú wá Láníhùn títí ó fi rí i. "Láníhùn, mo ti rí iṣẹ́ tí ò ń ṣe."

Gbogbo ìwé náà ni wọ́n dáná sun. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Láníhùn, Àṣàkẹ́ lọ ilé ọkọ mìíràn, ìnagijẹ náà kò sì tíì kúrò lára ilé Jagun dòní. Ohun tó bí òwe àwọn àgbà Ìjàká nìyẹn, tí wọ́n fi ń wí pé: orúkọ ni a fi ń pe ẹni tó wà láàárín èrò, ẹni tó bá ń ka orí, àlejò ni yóò dá a lóhùn.