Irúgbìn Orí Àjà àti Òkúta Olósùn Ìjàpá

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra, kò bà lé ọba, kò bà lé ìjòyè. Ó bà lé Ìjàpá ọkọ Yánníbo, àti Àdàbà olóhùn dídùn, àti Ẹtù ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ máa bá mi gbe orin o, àmọ́ àlọ́ tòní kò pani lẹ́rìn-ín púpọ̀.

Láyé ọjọ́un, gbogbo ẹranko ló ń so irúgbìn àgbàdo wọn kọ́ sí àjà, lókè ààrò, kí èéfín lè máa fín in. Ebi ìbáà fẹ́ pa wọ́n, wọn kì í fọwọ́ kàn án títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi rọ̀.

Ìjàpá ọ̀lẹ kò ní irúgbìn. Ó ṣa òkúta wẹ́wẹ́ lódò, ó fi osùn kùn ún, ó ní owó tuntun tí òun dá sílẹ̀ nìyẹn. Ó ní ọjà ńlá kan ń bọ̀ tí wọn kò ní ná owó mìíràn níbẹ̀, ṣùgbọ́n owó tuntun kì í dá dìde, alátìlẹ́yìn ló ń gbé e dìde. Ẹni tó bá fi irúgbìn ran òun lọ́wọ́ báyìí yóò gba òkúta kan. Lọ́jọ́ tí ọjà bá ṣí, òkúta kan yóò ra odindi àká àgbàdo.

Ta ni yóò gbà á gbọ́? Ẹ̀yin náà ṣáà mọ Ìjàpá. Òun náà mọ ara rẹ̀. Ló bá lọ bá Àdàbà, ẹni tí kò purọ́ rí. Ó fún un ní òkúta mẹ́wàá lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní kí ó máa bá òun kọrin kiri. Àdàbà gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ó ń kọ ọ́ láti igi dé igi:

Ẹ mú irúgbìn wá o,
*Owó ń bọ̀!*
Ẹni tó bá tètè dé,
*Owó ń bọ̀!*
Ni yóò kó jù lọ,
*Owó ń bọ̀!*

Bí wọ́n ṣe ń já irúgbìn lájà nìyẹn. Ẹtù nìkan ló ń ṣiyèméjì. Ọmọ mẹ́fà ló wà lábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀, irúgbìn yẹn sì ni oúnjẹ wọn ọdún tó ń bọ̀. Ó lọ bá Àdàbà nílé.

Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, mi ò gba Ìjàpá gbọ́. Ìwọ ni mo gbà gbọ́. Ṣé kí n mú un wá?"

Àdàbà ní, "Mú un wá."

Ẹ̀yin ará, gbólóhùn kan péré.

Ìjàpá kó gbogbo irúgbìn sínú ihò, ó fi erùpẹ̀ bò ó. Èrò rẹ̀ ni pé bí òjò bá rọ̀, òun nìkan ni yóò ní ohun tí wọ́n ń gbìn, gbogbo wọn yóò sì di ìwọ̀fà òun. Àmọ́ ẹni tí kò so irúgbìn rí kò mọ iṣẹ́ tí èéfín ń ṣe. Òjò rọ̀. Wọ́n kó òkúta dání, wọ́n wá ọjà títí, wọn ò rí i. Wọ́n wá wọ́ Ìjàpá títí ó fi mú wọn dé ìdí ihò náà. Nígbà tí wọ́n hú u, kòkòrò ti jẹ gbogbo rẹ̀, eruku ló kù. Wọ́n lé Ìjàpá nílùú, ebi ọdún náà kò sì yọ òun náà sílẹ̀.

Ìyàn mú. Àwọn ọmọ Ẹtù ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku ẹyọ kan. Ẹtù kò bá Àdàbà jà. Ó gbé òkúta rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní, "Gba owó rẹ." Ó sì wọ igbó lọ. Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Ìdí nìyẹn tí Ẹtù fi ń fẹsẹ̀ tú ilẹ̀ títí dòní. Ó ń wò ó bóyá hóró kan bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò. Àdàbà náà ń dá kọrin lórí igi ní òwúrọ̀:

Irúgbìn ọ̀rẹ́ mi dà o?

Ẹ kò gbè é? Bẹ́ẹ̀ náà ni. Kò sí ẹni tó ń gbè é fún un mọ́.

Ibi tí àlọ́ mi sùn sí rèé. Bí ẹ bá rò pé mo purọ́, ẹ jí ní ìdájí ọ̀la, kí ẹ tẹ́tí sí i.