Ẹni Tó Ri Pásítọ̀ Bọmi

Òkú ti dé ẹnu ọ̀nà itẹ́ òkú ìjọ kí Pásítọ̀ Ọlátẹ́jú tó na ọwọ́ dínà. Ó ní Ajíhìnrere Látùnjí tó dá ìjọ sílẹ̀ kò di àtúnbí, torí wọ́n kàn wọ́n omi sí i lórí ní kékeré ni, wọn kò sì ní sin ín síbẹ̀ àfi kí opó rẹ̀ mú ẹni tó rí i nígbà tí wọ́n rì í bọmi nínú odò wá. Màmá Dọ́káàsì, opó náà, tí kò tíì fojú ba oorun láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú, fara ti pósí. "Kò wọ odò rí, Pásítọ̀, àfi láti ri èèyàn bọmi. Ṣé ẹni tí kò di àtúnbí lè ri èèyàn bọmi?" "Láéláé!" ni Pásítọ̀ dáhùn. "Asán ni ìrìbọmi bẹ́ẹ̀!" Màmá ní kí gbogbo ẹni tí ọkọ òun rì bọmi nawọ́. Àwọn díákónì nawọ́, akọrin nawọ́, àwọn tó gbé pósí náà nawọ́ kan. Màmá tẹjú mọ́ Pásítọ̀ títí òun náà fi nawọ́. "Ó ti rẹ̀ mí," ni Màmá wí, ó ń bọ́ bàtà, "ṣùgbọ́n mo máa sìn yín dé odò. Ta ló wá kù nínú ìjọ yìí tó máa rì yín bọmi?" Pásítọ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó kúrò lọ́nà, ó sì fi èjìká gbé pósí.